Bí cyclosporine ṣe kan pituitary

Iléyá tó kọjá nílé wa ní Ìlọrin, bí wọ́n ṣe la orí àgbò tí wọ́n gbé ọpọlọ kúrò ni mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná, mo nawọ́ sí ihò kékeré kan nínú egungun ìsàlẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ ò ju hóró ẹ̀wà lọ, pituitary nìyẹn. Òun ló ń tú họ́mọ̀nù sínú ẹ̀jẹ̀, ti ìdàgbà, ti wàrà, ti oyún.

Cyclosporine, òògùn tí mo fẹ́ sọ ìtàn ẹ̀ yìí, inú iyẹ̀pẹ̀ ló ti wá o. Lọ́dún 1969 òṣìṣẹ́ Sandoz kan, ilé iṣẹ́ òògùn tó wà ní Basel, lọ ṣe họ́lídè ní Norway, ó sì bu iyẹ̀pẹ̀ bọ̀ láti Hardangervidda. Lára fungus tó wà nínú ẹ̀ ni wọ́n ti rí cyclosporine, nígbà tó di 1972 wọ́n rí i pé ó ń dá sójà ara dúró kí wọ́n má bá ohun àjèjì jà. Roy Calne, dókítà oníṣẹ́ abẹ, lò ó fáwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún ní Cambridge lọ́dún 1978, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1983.

Eku ló gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ pituitary. Àwọn onímọ̀ kan ní Kánádà yọ ọ́ kúrò lórí eku, sójà ara eku bá rọ, wọ́n fún un ní prolactin, agbára bá tún padà. Họ́mọ̀nù wàrà ni prolactin yìí, òun náà ló ń jẹ́ kí ẹyẹlé ní wàrà nínú àpò ọ̀fun tó fi ń bọ́ ọmọ ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wá rí i láàrin ọdún 1980 sí 1989 pé prolactin ní ibi tó ń so mọ́ lára sójà ara, àti pé cyclosporine ń dá sí i níbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá òògùn yìí ń dé pituitary gan-an.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá wù mí púpọ̀: wọ́n á mú pituitary eku mìíràn, wọ́n á fi sábẹ́ awọ kíndìnrín eku tí wọ́n fẹ́ dán wò, níbi tí dopamine, kẹ́míkà tí ọpọlọ fi ń dá prolactin dúró, ò ti ní bá a mọ́, prolactin á máa tú jáde lọ́pọ̀, wọ́n á wá fún eku náà ní cyclosporine, wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Prolactin yí padà lóòótọ́, LH, họ́mọ̀nù pituitary tó ń jẹ́ kí ẹyin abo jáde, náà yí, àmọ́ ti ọmọ eku yàtọ̀ sí ti àgbà, ti akọ yàtọ̀ sí ti abo. Èmi ò wá ń ka èsì kankan lórí òògùn yìí mọ́ láìkọ́kọ́ wo ọjọ́ orí eku tí wọ́n lò.