Gíga Táǹkì Ni Ó Ń Fún Ṣáwà Lágbára, Kì Í Ṣe Títóbi Rẹ̀

Láàárín oṣù yìí nìkan, ìdílé mẹ́ta ti pè mí pé omi ṣáwà wọn kò ju kíkán lọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti náwó sórí táǹkì ńlá tuntun. Ó dùn mí, nítorí pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá ti gba owó náà sílẹ̀: báwo ni omi inú táǹkì ṣe ga tó ju orí ṣáwà lọ? Omi gbọ́dọ̀ ga ní mítà 10 kí ó tó ní agbára bárì 1 (bárì ni a fi ń wọn agbára tí omi fi ń tì). Bí ó bá fi mítà 2 péré ga ju orí ṣáwà lọ, ìdá kan nínú márùn-ún agbára náà ni ẹ ní, ì báà jẹ́ lítà 1,000 ni táǹkì yín gbà tàbí lítà 5,000. Páìpù tó sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀ náà ṣe pàtàkì, nítorí ihò páìpù ínǹṣì 1 gba omi tó ìlọ́po mẹ́rin ihò ààbọ̀ ínǹṣì, ó sì yẹ kí ìgùnpá rẹ̀, ìyẹn ibi tí páìpù ti ṣẹ́ kọ́nà, mọ níwọ̀n. Bí ìpẹtà bá dí orí ṣáwà, ẹ tú u, kí ẹ sì rẹ ẹ́ sínú fínígà mọ́jú.

N kò ní sùúrù fún ẹni tó ń fi dírílì lu ihò ṣáwà kí ó lè fẹ̀, nítorí pé ńṣe ni omi tó ń jáde yóò túbọ̀ rọ. N kò sì ní sùúrù fún ẹni tó sọ fún ìdílé kan ní Akóbọ̀, n'Íbàdàn, pé ayé ló di omi wọn, nígbà tí ó jẹ́ pé fáàfù abẹ́ táǹkì ni wọn kò ṣí tán.

Ilé yẹn kan náà ni mo ti rí ohun tó bà mí lẹ́rù jù láti ọdún 22 tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n ti so pọ́ǹpù mọ́ omi láti fún ṣáwà lágbára, fáàfù kékeré ara hítà tó ń mú omi ìwẹ̀ gbóná bẹ̀rẹ̀ sí kán, oníṣẹ́ wọn sì fi ìdérí irin dí i pa.

"Ọ̀gá, ó ń da omi sílẹ̀ ni wọ́n ṣe bá wa dí i," ni ìyá ilé wí.

Omi máa ń fẹ̀ bí ó bá ti ń gbóná, ojú fáàfù yẹn sì ni agbára tó bá pọ̀ jù ń gbà jáde. Kíkán rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí hítà ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe àìsàn. Bí wọ́n bá dí i, tí ohun tó ń dá iná hítà dúró sì bàjẹ́, hítà náà lè bẹ́ mọ́ ẹni tó ń wẹ̀ lára. Àwọn ọmọ mẹ́ta ló ń wẹ̀ nínú balùwẹ̀ yẹn láràárọ̀. Kí n tó fọwọ́ kan pọ́ǹpù rárá, mo pa iná hítà, mo tú ìdérí náà, mo sì pààrọ̀ fáàfù.