Èlé ni owó orí ń bá wí, kì í ṣe owó tí a fi pamọ́

Kí òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2026, ariwo ti gbalẹ̀ pé ìjọba fẹ́ máa tọwọ́ bọ àkáǹtì mẹ̀kúnnù. Taiwo Oyedele, ọmọ Àkókó ní ìpínlẹ̀ Òndó, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ṣiṣẹ́ lórí àtúnṣe owó orí, sọ ọ́ títí pé kò sí ohun tó jọ ọ́. Èlé tí owó bá bí ní báǹkì ni owó orí máa ń kàn. Owó gan-an tí èèyàn kó lọ síbẹ̀, ó wà bó ṣe wà.

Ká ní àgbẹ̀ kan ní Ìdànrè ta kòkó, ó wá fi ₦300,000 sínú àkáǹtì ìfowópamọ́ ní Àkúrẹ́. Láti August 2022 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti ní èlé irú owó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 30 nínú 100 òṣùwọ̀n èlé tí òun ń kéde. Nígbà tí òṣùwọ̀n yẹn bọ́ sí 27 ní September 2025, ìdá 30 rẹ̀ jẹ́ 8.1. Ká gé e sí 8 kó lè rọrùn láti ṣírò. ₦24,000 ni èlé ọdún kan, ₦2,000 lóṣù. Inú ₦2,000 yìí ni báǹkì ti máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Tí àgbẹ̀ yìí bá gba ìwé àkáǹtì rẹ̀, ìlà méjì ló máa rí: ₦2,000 tó wọlé, àti ₦200 tó jáde, tí wọ́n kọ WHT sí i lára (withholding tax, ìyẹn owó orí tí báǹkì ń yọ sílẹ̀ lára èlé). Owó rẹ̀ wá di ₦301,800.

Báǹkì kọ́ ló ni ₦200 náà. Ìpínlẹ̀ tí onítọ̀hún ń gbé ló ni ín, àjọ tó ń gba owó orí fún ìpínlẹ̀ Òndó ni báǹkì sì gbọ́dọ̀ san án fún. Nítorí náà, ẹni tó ṣí àkáǹtì nígbà tó ń gbé Èkó, tó ti kó wá sílé báyìí, kó lọ ṣe àtúnṣe àdírẹ́sì rẹ̀ ní báǹkì.

Òfin tuntun ní ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí owó orí kàn lọ́dún kò ní owó orí. Ìyẹn dára fún òṣìṣẹ́ kékeré, ṣùgbọ́n báǹkì kì í béèrè iye tí èèyàn ń gbà lóṣù kó tó yọ ìdá mẹ́wàá lára èlé.

Ká sòótọ́, owó orí kọ́ ló ń jẹ èlé mẹ̀kúnnù jù. Ìlànà kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kà sí: ẹni tó bá gba owó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín oṣù kan lè pàdánù èlé oṣù yẹn. Ìyá tó ń tajà ní Ọjà Ọba, tó ń fi àkáǹtì ìpamọ́ kan náà san owó ọjà, á ti kọjá ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí. ₦2,000 lè lọ níbi tí ó ti ń bínú sí ₦200. Ohun tó dáa ni kí owó títà àti rírà ní àkáǹtì tirẹ̀, kí owó ìpamọ́ sì dá wà.

₦50 tí wọ́n ń yọ lórí owó tó tó ₦10,000 tí èèyàn bá fi ránṣẹ́, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kò kan èlé rárá. Àjọ ojoojúmọ́ náà kò mú èlé wá, torí náà kò sí èlé tí wọ́n máa gba owó orí lórí rẹ̀. Owó ọjọ́ kan tí alájọ ń mú lóṣù ni iye tó ń náni.

Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n yọ ìdá mẹ́wàá náà rárá lè wo bọ́ǹdù ìpamọ́ ìjọba àpapọ̀, ìyẹn owó tí èèyàn yá ìjọba kó lè máa gba èlé lórí rẹ̀, tí èèyàn lè fi ₦5,000 bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni, èlé rẹ̀ ń wọlé ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, òfin sì yọ ọ́ kúrò nínú owó orí. Kó má ṣe dà á pọ̀ mọ́ treasury bill, ìyẹn owó tí èèyàn yá ìjọba fún ìgbà kúkúrú, o: láti ìparí 2025 ni àwọn agbowó-orí ti ní kí wọ́n máa yọ ìdá mẹ́wàá lára èlé tìyẹn.