Dídá igi dóńgóyárò mọ̀ yàtọ̀ sí Melia

Igi dóńgóyárò, Azadirachta indica, wà nínú ẹbí Meliaceae, ẹbí kan náà tí ọ̀gànwó wà. Ilẹ̀ Íńdíà àti agbègbè rẹ̀ ni orírun rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé ó ní ibòji tó sì ń fara da ọ̀dá, wọ́n ti gbìn ín sí ìgboro ọ̀pọ̀ ìlú tó gbóná, títí dé pápá Àráfà nítòsí Mẹ́kà. Igi tí àwọn ènìyàn sábà máa ń ṣì pè ní dóńgóyárò ni Melia azedarach. Ìjọra wọn ti pẹ́ nínú ìwé: ní 1753, abẹ́ ìsọ̀rí Melia kan náà ni Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, kó àwọn méjèèjì sí. Ọdún 1830 ni Jussieu, onímọ̀ ewéko ará Faransé, yọ dóńgóyárò kúrò níbẹ̀.

Ewé ló ń tú àṣírí wọn. Ọ̀pá ewé dóńgóyárò kì í pẹ̀ka. Ara ọ̀pá kan ṣoṣo ni àwọn ewé wẹ́wẹ́ ti ń yọ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì sábà máa ń tó 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tẹ̀ bí dòjé, etí rẹ̀ ní eyín, ìdí rẹ̀ kò sì dọ́gba: apá kan fẹ̀ ju èkejì lọ. Ọ̀pá ewé Melia ní tirẹ̀ máa ń pẹ̀ka, ẹ̀ka náà sì lè tún pẹ̀ka kí ewé wẹ́wẹ́ tó yọ. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kó má fi ọ̀pá ewé pe ẹ̀ka igi. Ìdí odindi ewé, ìyẹn ọ̀pá pẹ̀lú gbogbo ewé wẹ́wẹ́ rẹ̀, ni èéhù tuntun ti ń rú. Kì í rú ní ìdí ewé wẹ́wẹ́.

Òdòdó dóńgóyárò kéré, ó funfun, ó sì ń ta sánsán. Ti Melia ní àwọ̀ elésèé àlùkò.

Èso kò ṣeé gbára lé lókèèrè, torí méjèèjì ló ń pọ́n di àwọ̀ ìyeyè. Nítòsí, ti dóńgóyárò gùn díẹ̀, ti Melia sì rí roboto, ó sì lè wà lórí igi fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ewé ti wọ́ tán. Kíkorò kì í ṣe ẹ̀rí rárá, kò sì bọ́gbọ́n mu láti tọ́ ọ wò: èso Melia ní májèlé tó ti pa ènìyàn àti ẹlẹ́dẹ̀ rí.

Azadirachta excelsa, ìbátan dóńgóyárò láti Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà, kì í pẹ̀ka lọ́pàá ewé, ṣùgbọ́n etí ewé rẹ̀ kò ní eyín.