Fífi ipá gé ìsopọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì

Fífi ipá gé ìsopọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ètò orí sáfà já okùn tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn lójijì, láìdúró gba ìdágbére ẹni tó wà lódìkejì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ẹnu ọ̀nà tí ètò kan ń gbà bá ètò mìíràn sọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀nà méjì ni ìsopọ̀ TCP, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fi ń parí láti ìgbà tí ìwé ìlànà tí wọ́n ń pè ní RFC 793 ti gbé e kalẹ̀ ní 1981. RFC 9293 tó rọ́pò rẹ̀ ní 2022 kò yí i padà. Ọ̀kan ni FIN, àmì ìdágbére: ẹni tó ti parí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ á sọ bẹ́ẹ̀, èkejì á jẹ́ ẹ, òun náà á sì fi FIN tirẹ̀ ránṣẹ́ nígbà tó bá ṣetán. Ìkejì ni RST, àmì pé a ti gé ìsopọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tí kì í dúró de èsì.

Ìdí tó fi ń di dandan

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ń wo èsì ìdánwò lórí sáfà tó wà ní Adó-Èkìtì. Iná lọ, ráútà kú. FIN kò dé, RST kò dé, sáfà sì gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Bí sáfà kò bá ní ohunkóhun láti fi ránṣẹ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì òkú yìí lè wà nílẹ̀ títí. Ètò tó bá tilẹ̀ tan keepalive, ìbéèrè tó ń wò ó bóyá ẹni tó wà lódìkejì ṣì wà, lórí Linux á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 7200, ìyẹn wákàtí 2, kó tó béèrè lẹ́ẹ̀kíní, àfi bí wọ́n bá dín in kù. Lórí ọ̀pọ̀ Linux, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti fáìlì 1024 péré ni ètò kan lè ṣí pọ̀ bí wọn kò bá sún ààlà náà síwájú. Bí iná àdúgbò kan bá ń lọ léraléra, àwọn òkú yìí lè gba àyè mọ́ alààyè lọ́wọ́.

SO_LINGER

SO_LINGER ni ètò orí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń sọ ohun tí close(), àṣẹ tó ń ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, máa ṣe sí dátà tó ṣì kù. Ó ní iye méjì, l_onoff (ṣé ó wà ní títàn) àti l_linger (ìṣẹ́jú àáyá tó máa fi dúró). Bí l_onoff bá jẹ́ 1, tí l_linger jẹ́ 0, close() á da dátà tí kò tíì lọ nù, á sì fi RST ránṣẹ́. Kò ní sí TIME_WAIT, àkókò ìdúró lẹ́yìn tí ìsopọ̀ bá parí, tó máa ń gba ìṣẹ́jú kan lórí Linux. Àwọn kan ń lò ó nítorí èyí nìkan, bẹ́ẹ̀ TIME_WAIT ló ń dènà kí páákẹ́ẹ̀tì (ìdì dátà) àtijọ́ tó ṣìnà má bọ́ sínú ìsopọ̀ tuntun.

RST tí ẹnikẹ́ni kò béèrè fún

Èyí ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tó ń da àwọn tó ń kọ ètò láàmú jù. Akẹ́kọ̀ọ́ ń fi fọ́tò ńlá ránṣẹ́. Sáfà rí i pé ó ti kọjá ìwọ̀n, ó kọ èsì pé «fáìlì ti tóbi jù», ó sì pe close() láì ka ìyókù fọ́tò náà. Nítorí pé dátà tí a kò tíì kà ṣì wà nínú àpò ìgbàwọlé, Linux á fi RST ránṣẹ́, bí SO_LINGER kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Bí RST bá dé kí ètò akẹ́kọ̀ọ́ tó ka èsì náà, èsì lè nù. Ohun tó máa rí ni «Connection reset by peer», ìyẹn pé ẹni tó wà lódìkejì ti gé ìsopọ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí sáfà kọ èsì, kó pe shutdown() pẹ̀lú SHUT_WR, tó ń sọ pé òun kò ní kọ nǹkan mọ́ ṣùgbọ́n òun ṣì lè kà, kó máa ka ohun tó ń wọlé kó sì máa dà á nù fún ìwọ̀nba àkókò, kó tó wá pe close(). Ohun tí lingering_close inú nginx, ètò sáfà wẹ́ẹ̀bù kan, ń ṣe nìyẹn.

Àwọn ọ̀nà mìíràn

Lórí Linux, bí thread kan (okùn iṣẹ́ kan nínú ètò) bá ń dúró nínú recv(), àṣẹ tó ń gba dátà, close() láti inú thread mìíràn kì í jí i. Shutdown() ló ń jí i. Láti Linux 4.5, alábòójútó lè fi àṣẹ ss -K pa sọ́kẹ́ẹ̀tì láti ìta ètò, bí wọ́n bá kọ́ CONFIG_INET_DIAG_DESTROY mọ́ kernel, ìyẹn ọkàn Linux. Windows náà ní SO_LINGER. Àṣìṣe 10054 ni ẹni tí wọ́n gé ìsopọ̀ mọ́ ń rí níbẹ̀.