Títò àti títún modẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ akẹ́rù ojú ogun ṣe

Modẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ akẹ́rù ojú ogun ni lọ́rì kékeré tí wọ́n fi ike ṣe, tó jọ èyí táwọn ọmọ ogun fi kó oúnjẹ, ọta, epo àti èèyàn, pàápàá nígbà Ogun Àgbáyé Kejì (1939 sí 1945). Wẹ́wẹ́ ló máa ń wà nínú páálí, lára férémù ike, ẹni tó bá rà á ló máa gé e, táá lẹ̀ ẹ́ pọ̀, táá sì kùn ún lọ́dà. Táńkì àti bàálù ogun lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ sáré rà, àmọ́ lọ́rì gan-an ló gba àtúnṣe jù, torí pé tí wọ́n bá ti lo lọ́rì fún oṣù mélòó kan lójú ogun, ó ṣòro kéèyàn tó rí méjì tó jọra tán.

Ìwọ̀n

1/35 ló gbòde jù, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà 35 lára ọkọ̀ gidi á di sẹ̀ǹtímítà kan. Ilé iṣẹ́ Tamiya ti Jàpáànì ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń lò, látorí modẹ́ẹ̀lì táńkì Panther tí wọ́n gbé jáde ní 1961. Wọ́n fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń yí i àti bátìrì gba inú ẹ̀ ni, ibi tí ìwọ̀n ẹ̀ sì bọ́ sí nìyẹn. Àwọn tí àyè ò gbà máa ń lo 1/72 tàbí 1/76, 1/48 àti 1/24 náà wà.

Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n máa ń tò jù

GMC CCKW ti Amẹ́ríkà ni ká fi ṣíwájú. Wọ́n ṣe é lé ní 500,000, ó sì ń gbé tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀. Lẹ́tà orúkọ ẹ̀ ní ìtumọ̀: C àkọ́kọ́ ni ọdún 1941 tí wọ́n yà á, C kejì ni irú kábìn ẹ̀, K ni pé táyà iwájú náà ń wakọ̀, W ni pé ásùlù (irin tó so táyà ọ̀tún àti tòsì pọ̀) méjì ló wà lẹ́yìn. 353 ni èyí tó gùn, 352 ni èyí tó kúrú. Òun ló ṣe gudugudu méje nínú iṣẹ́ Red Ball Express, nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù tẹ̀ lé àwọn ọmọ ogun kọjá ilẹ̀ Faransé láti 25 Oṣù Kẹjọ sí 16 Oṣù Kọkànlá 1944, àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn dẹ́rẹ́bà yẹn.

Ibi tí ẹni tó ń tò ó ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ ni pé CCKW kì í ṣe ọkọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ ní kábìn onírin tó ní ilẹ̀kùn, àwọn tó dé lẹ́yìn ní kábìn tó ṣí sílẹ̀ tí wọ́n ń fi tapólì bò. Bọ́dì ẹ̀yìn kọ́kọ́ jẹ́ irin, ó di pákó nígbà tí wọ́n ń ṣọ́ irin lò, ó tún wá di irin pẹ̀lú pákó. Kódà, téèyàn bá yí i dojú dé, ásùlù ẹ̀ pé oríṣi méjì: ọ̀kan ní ìkòkò ribiti ní àárín, èkejì dà bíi pé wọ́n là á sí méjì tí wọ́n sì fi bọ́ọ̀tì so ó pọ̀. Ẹni tó bá fi kábìn ti ìbẹ̀rẹ̀ lé bọ́dì tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ogun ń parí lọ, á dáa kó ní fọ́tò tó fi gbè é lẹ́sẹ̀.

Ti Sófíẹ̀tì náà dùn ún tún ṣe. Láti 1942 ni wọ́n ti ń ṣe lọ́rì ZIS-5 lọ́nà ìrọ̀rùn: kábìn pákó, iná iwájú kan ṣoṣo, kò sí búréèkì níwájú, irin tó bo táyà ò sì rí roboto mọ́, wọ́n kàn tẹ irin pẹrẹsẹ ní igun ni. Ilé iṣẹ́ Zvezda ti Rọ́ṣíà ní kíìtì (ìyẹn páálí modẹ́ẹ̀lì tí wọn ò tíì tò) ZIS-5, MiniArt ti Ukraine sì ní ti lọ́rì GAZ-AA àti GAZ-MM. Studebaker US6 tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sí wọn ni wọ́n gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì Katyusha lé. Opel Blitz ti Jámánì náà gbajúmọ̀, kábìn àwọn tó kẹ́yìn jẹ́ pákó àti páálí tí wọ́n tẹ̀ pọ̀.

Títún un ṣe

Ohun tó ń da kíìtì láàmú jù ni pé ike nípọn. Mìlímítà kan lára modẹ́ẹ̀lì 1/35 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ààbọ̀ lára ọkọ̀ gidi. Fún pákó ẹ̀yìn ọkọ̀, ìyẹn ò burú, àmọ́ fún irin tó bo táyà, àṣìṣe ńlá ni. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń fi sáńpépà ha etí ẹ̀ láti inú títí táá fi fẹ́lẹ́ bíi bébà, tàbí kí wọ́n gé e dà nù kí wọ́n fi idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe òmíì.

Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ ike mọ́ ike kì í lẹ̀ lásán, ńṣe ló ń yọ́ ojú méjèèjì kí wọ́n lè di ọ̀kan. Kò ràn idẹ tàbí resin (ike olómi tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù títí tó fi le), super glue ni tiwọn.

Tapólì inú kíìtì máa ń le gbagidi bí òrùlé. Ọ̀nà tó dáa jù ni tíṣù: èèyàn á fi wáyà tín-ínrín tẹ àwọn ọ̀pá tó gbé tapólì dúró, tó tẹ̀ kọdọrọ bí ọrun ọfà, á po gọ́ọ̀mù funfun mọ́ omi, á fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ tíṣù náà lé àwọn ọ̀pá yẹn lórí. Kó tó gbẹ ni kó ti fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀ láàárín ọ̀pá sí ọ̀pá, torí pé ibi tí omi òjò máa ń dúró sí nìyẹn lórí ọkọ̀ gidi. Tó bá gbẹ, á sún kì, á sì le tó láti gba ọ̀dà.

Táyà rọ́bà tí wọ́n ń fi sínú àwọn kíìtì kan léwu. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, òróró inú ẹ̀ lè máa yọ́ rìímù ike tó yí ká, tí ọkọ̀ á sì jókòó sílẹ̀. Àwọn tó mọ̀ máa ń kun rìímù náà dáadáa kí táyà tó kàn án, tàbí kí wọ́n ra táyà resin tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀ bíi ti ọkọ̀ tó rù.

Ọ̀dà àti ìdọ̀tí

Àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀ ni ti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ìràwọ̀ funfun. Jámánì bọ́ sórí àwọ̀ ìyeyè tó ṣókùnkùn láti Oṣù Kejì 1943, eérú dúdú ni wọ́n ń kùn ṣáájú ìgbà yẹn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àràbarà kan tó rí bí etí eku ńlá.

Fún ọ̀dà tó ti bó, wọ́n á kọ́kọ́ kun àwọ̀ ìpẹtà, wọ́n á fọ́n sípúréè irun lé e, wọ́n á wá kun àwọ̀ ọkọ̀. Tó bá ti gbẹ, omi díẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì líle á jẹ́ kí tòkè ṣí kúrò. Ilẹ̀ bọ́dì ẹ̀yìn ló yẹ kó bó jù, níbi tí wọ́n ti ń wọ́ àpótí ọta, lẹ́yìn náà ibi tí dẹ́rẹ́bà ń gbẹ́sẹ̀ lé gòkè. Ẹrẹ̀ máa ń nípọn lẹ́yìn táyà àti lábẹ́ ṣáásì, orí bọ́nẹ́ẹ̀tì sì máa ń gba eruku nìkan. Tí wọ́n bá kó ẹrù sí i, wọ́n máa ń fi okùn dì í mọ́ ara bọ́dì, okùn náà sì gbọ́dọ̀ le gírígírí níbi tó ti kọjá etí àpótí.