Toile: aṣọ ìdánwò tí ó ń ṣáájú aṣọ ìtàn

Ẹni tí ó bá fẹ́ rán aṣọ fún eré àfarawé ìtàn, irú èyí tí wọ́n máa ń ṣe ní Amẹ́ríkà láti ṣàfihàn ogun òmìnira wọn ti ọdún 1775 sí 1783, kò ní pẹ́ bá ọ̀rọ̀ kan pàdé: toile. Ọ̀rọ̀ Faransé ni, kò sì túmọ̀ sí ju aṣọ lásán lọ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn aránṣọ, aṣọ ìdánwò ni. A ó gé ẹ̀dà aṣọ tí a fẹ́ rán lára aṣọ òwú tí owó rẹ̀ kò pọ̀, a ó rán an pọ̀ ní ojú abẹ́rẹ́ jínjìn-jínjìn tí ó rọrùn láti tú, a ó sì wọ̀ ọ́ wò kí sísọ́ọ̀sì tó kan aṣọ gidi. Muslin ni ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ń pè é, nítorí irú aṣọ tí wọ́n fi ń ṣe é.

Ẹni tí ó dàgbà sí ìtòsí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ nílẹ̀ wa lè rò pé àfiṣòfò ni. Télọ̀ wa á na téèpù mọ́ni lára, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí ankara, á sì gé e lójú ẹsẹ̀, aṣọ náà á sì bá ara mu. Ó rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ti gé irú bùbá yẹn láìmọye ìgbà, ara tí ó wọ̀n náà ni yóò sì wọ̀ ọ́. Gáùn obìnrin ti nǹkan bí ọdún 1775 kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe ara lásán ni wọ́n ń gé e mọ́. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ ọ̀gbọ̀ tí à ń pè ní shift ló kọ́kọ́ kan ara. Stays ló tẹ̀ lé e, ìyẹn ẹ̀wù líle tí wọ́n ń fi okùn fún, tí wọ́n sì máa ń ki ohun líle bí ìwo tí ó wà lẹ́nu àbùùbùtán bọ inú rẹ̀. Ọ̀pá ọ̀rá (plastic) tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń lò lónìí. Àpò tí a so mọ́ ìbàdí àti yẹ̀rì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò tẹ̀ lé e kí gáùn tó dé. Stays yìí ń gbé ọmú sókè, ó ń fa èjìká sẹ́yìn, ó sì ń mú kí òkè ara fẹ̀, kí ó máa tín-ín-rín bọ̀ níbàdí, bí àrọ tí a fi ń rọ epo.

Ìwọ̀n tí a gbà láìwọ stays kò wúlò fún gáùn rárá. Orí kọ́mú òde òní ni mo ti wọn ara mi nígbà tí mo gé gáùn mi àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí stays parí tí mo wọ gáùn lé e, iwájú rẹ̀ gun ara wọn kọjá, èjìká rẹ̀ sì yẹ̀ kúrò níbi tí mo fi í sí. Yáàdì mẹ́jọ aṣọ ọ̀gbọ̀ ni, mi ò sì rí àwọ̀ yẹn rà mọ́.

Nítorí náà, láti inú bọ́ síta ni kí ẹ ti ṣètò iṣẹ́ yín. Shift kò nílò toile, nítorí igun mẹ́rin àti igun mẹ́ta ni wọ́n ń gé e sí. Yẹ̀rì náà kò nílò rẹ̀. Stays ló nílò rẹ̀ jù, kánfáàsì tí ó ki ni kí ẹ sì fi ṣe é, kí ẹ ki ọ̀pá ọ̀rá díẹ̀ bọ ojú ibi tí ó ṣe pàtàkì, nítorí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á nà, á sì parọ́ fún yín. Ìgbà tí stays gidi bá parí pátápátá ni ẹ tó lè gé toile gáùn, orí rẹ̀ ni ẹ ó sì ti wọ̀ ọ́ wò.

Ẹ fa ìlà àárín iwájú, àárín ẹ̀yìn àti ìbàdí sára toile, kí ẹ sì ní kí ẹlòmíràn bá yín wò ó. Bí aṣọ bá ká ní ìlà tí ó dagun láti abíyá lọ sí ọmú, ó há níbẹ̀. Bí ó bá ká jọ ní ìbú lẹ́yìn, lókè ìbàdí, ẹ̀yìn ti gùn jù. Ẹ gbé apá sókè. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré gé ihò apá kí ó fẹ̀ sí i, àṣìṣe tí ó ń dùn mí gan-an nìyẹn, nítorí ihò apá tí ó kéré tí ó sì sún mọ́ abíyá ló ń jẹ́ kí apá lọ sókè láìfa gbogbo aṣọ dání.

Àwọn aránṣọ ayé ìgbà náà fúnra wọn kì í sábà gé toile. Ara oníbàárà ni wọ́n ti ń fi píìnì mú aṣọ inú gáùn bá ara mu, kí wọ́n tó tẹ́ ṣẹ́dà lé e, àwọn aránṣọ Colonial Williamsburg, ibi ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Virginia, Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń ṣàfihàn ayé ìgbà náà, ṣì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ọdún 1863 ni Ebenezer Butterick, télọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta bébà ìgéṣọ tí ó ní oríṣiríṣi ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dá nìkan ń ránṣọ nílé kò lè fi píìnì mú ẹ̀yìn ara rẹ̀, toile ló sì lè gbà á.

Bí toile bá ti bá ara mu, ẹ tú u, ẹ lọ̀ ọ́, òun náà ló di àwòṣe tí ẹ ó fi gé aṣọ gidi. Tèmi ṣì wà nínú àpótí, mo kọ ọjọ́ àti ìwọ̀n ìbàdí mi sí i lára, bí ìbàdí náà bá sì ti fi ìǹṣì méjì yàtọ̀, òmíràn ni mo máa gé.