Èrè Ọdún Mẹ́wàá: Bí Wọ́n Ṣe Ń Mọ Iye Tó Yẹ Kí Ìpín Iléeṣẹ́ Jẹ́ Nígbà Tí Owó Ń Pàdánù Agbára

Ẹni tó ra ìpín ìdókòwò iléeṣẹ́ kan ti ra ẹ̀tọ́ sí èrè iléeṣẹ́ náà. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ ni iye èrè tí ìpín kọ̀ọ̀kan ń mú wá, àti iye tí wọ́n ní kó san lé e. Òǹkà tí àwọn alágbàtà máa ń tètè dárúkọ ni P/E (price-to-earnings): wọ́n á mú owó tí wọ́n ń ta ìpín kan, wọ́n á fi èrè tí ìpín náà mú wá láàárín oṣù méjìlá tó kọjá pín in. Ìpín tó jẹ́ ₦60, tí èrè rẹ̀ sì jẹ́ ₦7, P/E rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 8.6. Olùrà ń san owó tó tó èrè ọdún mẹ́jọ àtààbọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Inú oṣù méjìlá yẹn gan-an ni wàhálà wà. Iléeṣẹ́ lè ta ilẹ̀ tàbí ẹ̀ka kan lọ́dún yìí, kí èrè rẹ̀ fò sókè lọ́nà tí kò ní tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Ọ̀dá owó lè dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kí èrè fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Lọ́dún tí nǹkan rọ̀ṣọ̀mù, èrè á pọ̀, P/E á kéré, ìpín á sì dà bí ọjà pọ́ọ́kú. Lọ́dún tí nǹkan le, èrè á já wálẹ̀ ju owó ìpín lọ, P/E á ga fíofío, ìpín á sì dà bí ohun tó wọ́n. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé òǹkà yìí nìkan á máa rà nígbà tó yẹ kó ṣọ́ra, á sì máa sá nígbà tó yẹ kó rà. Kò sí àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ tó ń fi ìkórè ọdún kan ṣoṣo díwọ̀n oko kòkó tó fẹ́ rà; á béèrè ọdún tí òjò rọ̀ dáadáa, á sì béèrè ọdún tí àrùn ba èso jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1934, nígbà tí ọgbẹ́ ìjábá ọjà ìpín ọdún 1929 kò tíì jinná lára àwọn ará Amẹ́ríkà, Benjamin Graham àti David Dodd, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Columbia, kọ ọ́ sínú ìwé wọn, Security Analysis, pé kí olùrà wo èrè ọdún márùn-ún ó kéré tán, pé ó sàn kó jẹ́ ọdún méje tàbí mẹ́wàá. Ní 1988, John Campbell àti Robert Shiller mú ìmọ̀ràn yìí, wọ́n fi ọ̀wọ́n gógó kún un, wọ́n sì dán an wò lórí àkọsílẹ̀ ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1871. Òǹkà tó jáde nínú iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń pè ní CAPE (cyclically adjusted price-to-earnings) lónìí. Àwọn mìíràn ń pè é ní P/E Shiller. Shiller wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2013.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. A ó kó èrè orí ìpín kan jọ fún ọdún mẹ́wàá, ọdún kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. A ó wá òṣùwọ̀n iye owó ọjà fún ọdún kọ̀ọ̀kan, èyí tí àjọ ìṣirò ìjọba máa ń gbé jáde. A ó fi òṣùwọ̀n náà sọ èrè àtijọ́ di owó òde òní. A ó wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá, a ó sì fi àròpín yìí pín owó tí wọ́n ń ta ìpín lónìí.

Ẹ jẹ́ ká fi iléeṣẹ́ àfinúrò kan ṣe é, èyí tí ìpín rẹ̀ jẹ́ ₦60 tí a ti dárúkọ lókè. Ní ọdún kìn-ín-ní, òṣùwọ̀n owó ọjà jẹ́ 100, èrè orí ìpín kan sì jẹ́ ₦2. Ní ọdún kẹwàá, òṣùwọ̀n ti di 400. Ìyẹn ni pé ohun tí ₦1 ń rà nígbà náà, ₦4 ló ń rà á báyìí. Nítorí náà ₦2 ìgbà náà dọ́gba pẹ̀lú ₦8 òde òní. Ní ọdún karùn-ún, òṣùwọ̀n jẹ́ 200, èrè jẹ́ ₦3, ó sì di ₦6. Ní ọdún kẹjọ, òṣùwọ̀n jẹ́ 300, iléeṣẹ́ náà sì pàdánù ₦1.50 lórí ìpín kan. Àdánù yẹn di ₦2, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú àròpọ̀, wọn kò gbọdọ̀ fojú fò ó. Ọdún kẹwàá mú ₦7 wá, kò sì sí ohun tí a ó yí padà níbẹ̀. Ká ní àròpọ̀ ọdún mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lẹ́yìn ìyípadà jẹ́ ₦50. Àròpín rẹ̀ jẹ́ ₦5. ₦60 tí a fi ₦5 pín jẹ́ 12.

Nínú ìwé iléeṣẹ́ náà, èrè gòkè láti ₦2 dé ₦7; àwọn ọ̀gá rẹ̀ á gbé e sójú ìwé àkọ́kọ́ pé èrè ti di ìlọ́po mẹ́ta àtààbọ̀. Ṣùgbọ́n nínú owó òde òní, ₦8 ló di ₦7. Iléeṣẹ́ náà ń rẹ̀yìn ni. Bí ẹnì kan bá sì ro èrè ọdún mẹ́wàá pọ̀ láìfi ti ọ̀wọ́n gógó ṣe, á rí bíi ₦25, àròpín á jẹ́ ₦2.50, ìdáhùn rẹ̀ á sì jẹ́ 24. Ìpín kan náà, owó kan náà: 8.6 lójú ẹni tó wo ọdún kan, 24 lójú ẹni tó ro náírà àtijọ́ mọ́ náírà tuntun, 12 lójú ẹni tó ṣe é bó ṣe yẹ. Ìyàtọ̀ yìí lè sọ ẹni tó fẹ́ rà di ẹni tó ń tà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2009 fi agbára òǹkà yìí hàn ju ohunkóhun lọ. Àwọn báńkì ti wó ní 2008, àdánù wọn sì gbé èrè gbogbo àwọn iléeṣẹ́ ńlá inú òṣùwọ̀n ọjà ìpín Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní S&P 500 mì. Bí owó ìpín ṣe já lulẹ̀ tó, èrè já jù ú lọ. P/E olóṣù méjìlá kọjá 100 lọ́dún yẹn, bí ẹni pé kò tíì sí ìgbà tí ìpín wọ́n tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní oṣù kẹta ọdún náà, CAPE wà ní nǹkan bí 13, kò sì tíì kéré tó bẹ́ẹ̀ fún ohun tó ju ogún ọdún lọ. Oṣù yẹn gan-an ni ọjà kan ìsàlẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ìdàkejì, òǹkà náà ti wà ní nǹkan bí 32 kí ìjábá 1929 tó dé, ó sì ju 44 lọ ní ìparí 1999, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń sáré ra ìpín àwọn iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún wá, àròpín rẹ̀ lọ́jà Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bíi 17.

Ọ̀nà kan tó wúlò láti ka òǹkà náà ni pé kí a yí i po: kí a fi í pín 100. CAPE 10 á fún wa ní 10 nínú ọgọ́rùn-ún. CAPE 25 á fún wa ní 4. Ìyẹn ni ìwọ̀n èrè lọ́dún, lẹ́yìn tí a ti yọ ọ̀wọ́n gógó, tí olùrà lè máa retí bí iléeṣẹ́ bá ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. A lè wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ìwé gbèsè ìjọba ń san lẹ́yìn tí a bá yọ ọ̀wọ́n gógó, kí a sì mọ̀ bóyá ìpín tó ohun tí ènìyàn ń fi ọkàn wéwu lé lórí.

Ṣùgbọ́n òǹkà yìí kì í ṣe aago tó ń sọ ìgbà tí ọjà á yí padà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1996, Campbell àti Shiller lọ sọ fún àwọn olórí báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà pé ọjà ti wọ́n jù. S&P 500 wà ní nǹkan bí 740 nígbà náà. Ọjà kò dúró gbọ́ wọn: ó gòkè dé 1,527 ní oṣù kẹta ọdún 2000. Ẹni tó bá tà ní 1996 á ti máa wo àwọn aládùúgbò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lówó fún ohun tó ju ọdún mẹ́ta lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2002, ó ti padà wálẹ̀ sí 776. Òótọ́ ni ohun tí àwọn méjèèjì sọ, àmọ́ ọdún mẹ́fà ló gbà kó tó hàn. Òǹkà yìí máa ń sọ nípa ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀; nípa oṣù mẹ́fà tó ń bọ̀, kò mọ nǹkan kan.

Nàìjíríà wá ni ibi tí ìdajì kejì iṣẹ́ yìí, ìyẹn yíyọ ọ̀wọ́n gógó, ti ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí ní Amẹ́ríkà lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, NBS, àjọ ìṣirò ìjọba Nàìjíríà, kéde ọ̀wọ́n gógó tó jẹ́ 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí wọ́n ń tà ní ₦1,000 lọ́dún kan sẹ́yìn ti di ₦1,348. Iléeṣẹ́ tó bá kéde lọ́dún yẹn pé èrè òun fi 30 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè ti rẹ̀yìn, bó tilẹ̀ ń jó. Àwọn ìwé ìròyìn wa kì í sábà sọ èyí fún òǹkàwé, ó sì yẹ kí wọ́n máa sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, jẹ́ kí náírà máa wá iye tirẹ̀ lọ́jà. Dọ́là tó jẹ́ ₦471 ti kọjá ₦900 nígbà tí ọdún náà fi parí. Àwọn iléeṣẹ́ tó jẹ gbèsè dọ́là rí i lójijì pé gbèsè wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì nínú náírà. Nestlé Nigeria, tó jèrè bíi bílíọ̀nù ₦49 ní 2022, kéde àdánù bílíọ̀nù ₦79.5 ní 2023. MTN Nigeria pàdánù bílíọ̀nù ₦137 lọ́dún kan náà, ó tún pàdánù bílíọ̀nù ₦400 ní 2024, èrè sì ti padà nígbà tó fi di ìdajì ọdún 2025. Lọ́dún àdánù, P/E kò ní ìtumọ̀ kankan. A kò lè fi àdánù pín owó kí a rí ìdáhùn tó wúlò. Àròpín ọdún mẹ́wàá ṣì máa ń dáhùn.

Àwọn kan máa ń dábàá pé kí a yọ àdánù pàṣípààrọ̀ yìí kúrò nínú ìṣirò, wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Náírà já lulẹ̀ ní 2016, ó tún já ní 2023. Iléeṣẹ́ tó ń yá dọ́là láti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ń gbé ewu yìí káàkiri lọ́dọọdún. Ọdún tí ewu náà kò ṣẹlẹ̀, èrè rẹ̀ máa ń dùn-ún wò ju bó ṣe yẹ lọ. Kí èrè ọdún dídára àti àdánù ọdún búburú jọ wà nínú àpò kan náà ni ìwọ̀n tó tọ́. Ní Benin àti Togo, níbi tí wọ́n ti ń ra ìpín ní ọjà BRVM tó wà ní Abidjan, owó Sẹ́fà so mọ́ Yúrò, ọ̀wọ́n gógó kì í sábà le tó báyìí, nítorí náà ìyípadà owó àtijọ́ sí tuntun kì í yí ìdáhùn padà púpọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Gbogbo ọjà lápapọ̀ ni wọ́n dìídì ṣe CAPE fún. Láti lò ó fún iléeṣẹ́ kan gba ìṣọ́ra, nítorí iléeṣẹ́ lè yí iṣẹ́ padà pátápátá láàárín ọdún mẹ́wàá, ó tilẹ̀ lè kú. Ohun tó dára ni kí a fi òǹkà iléeṣẹ́ kan wé ti ara rẹ̀ látẹ̀yìnwá àti ti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Kò bọ́gbọ́n mu láti gbé báńkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì.

Ó tún ku àwọn iṣẹ́ kéékèèké tó lè ba gbogbo ìṣirò jẹ́. Láti 2012 ni àwọn iléeṣẹ́ tó wà lọ́jà ìpín Nàìjíríà ti ń fi IFRS, ìlànà ìṣirò owó ti àgbáyé, ṣe ìṣirò wọn, nítorí náà ọdún mẹ́wàá tó kọjá ṣeé fi wé ara wọn dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sẹ́yìn ju bẹ́ẹ̀ lọ á pàdé ìlànà mìíràn. Àjọ NBS tún òṣùwọ̀n iye owó ọjà rẹ̀ tò ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, wọ́n fi 2024 ṣe ọdún ìpìlẹ̀. A gbọ́dọ̀ so òṣùwọ̀n àtijọ́ mọ́ tuntun kí a tó lè pín wọn síra. Bí iléeṣẹ́ bá sì ti fún àwọn onípìn-ín ní ìpín ọ̀fẹ́, irú èyí tí ẹni tó ní ìpín kan á di onípìn-ín méjì láìsanwó, èrè orí ìpín kan ní àwọn ọdún tó ṣáájú gbọ́dọ̀ di ìdajì. Àwọn báńkì nílò àyẹ̀wò pàtàkì: CBN ní kí àwọn tó ń ṣòwò dé òkè òkun ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù ₦500 nígbà tó bá fi di ìparí oṣù kẹta ọdún 2026, ọ̀pọ̀ wọn sì ta ìpín tuntun rẹpẹtẹ láti kájú rẹ̀. Ẹni tó bá mú èrè báńkì lápapọ̀ ní 2018, tó wá fi iye ìpín tó wà nígbà náà pín in láìwo iye tó wà lónìí, á rí àròpín tó ga ju ohun tí ìpín kan lè mú wá báyìí lọ, àyàfi bí owó tuntun tí báńkì gbà bá ń jèrè tó ti àtijọ́, ìyẹn sì ni ohun tí ìwé ìṣirò ọdún méjì sí mẹ́ta tó ń bọ̀ á fi hàn.